Mọ́tò Tí Ẹ Fà Ńkọ́? Bí Ẹ Ṣe Máa Ra Ìnṣọ́ránsì Fún Iṣẹ́ Tówìn L'Ékòó

Ọ̀pọ̀ àwa tá à ń fa ọkọ̀ l'Ékòó ló ní ìwé ìnṣọ́ránsì nínú mọ́tò. Bí VIO tàbí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, a ó fà á yọ, wọ́n á ní ká máa lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò oníbàárà bá bọ́ lórí flatbed, ìyẹn ọkọ̀ tówìn tó ní pẹpẹ pẹrẹsẹ lẹ́yìn, ìwé yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ṣí, wọ́n á sì fi ìka han yín níbi tó ti wà pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Jíìpù Alhaja kan ni mo gbé ní Costain, Ladipo la ń lọ. Bẹ́líìtì kan tú lórí afárá Ojúẹlẹ́gbà, mọ́tò náà yọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ìdí gbá irin ẹ̀gbẹ́ afárá. Third party mi, ìnṣọ́ránsì tó ń san ohun tí ọkọ̀ wa bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà náà. Mo fọkàn balẹ̀, mo ní, "Alhaja, ẹ má ṣèyọnu, ìnṣọ́ránsì wà." Iléeṣẹ́ náà kò san kọ́bọ̀, wọn kò sì rẹ́ mi jẹ: ohun tí mo rà kò bo mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi rárá. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi san gbèsè Alhaja díẹ̀díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún rìn ín lọ́nà yẹn.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ìwé CAC iléeṣẹ́ yín, pátíkúlà ọkọ̀ tówìn kọ̀ọ̀kan, líséǹsì gbogbo dẹ́rẹ́bà tó máa ń wà á, àti fọ́tò ọkọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wínṣì, ìkọ́ àti bẹ́líìtì hàn kedere. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín àti iye tí ẹ ń san fún wọn lóṣù. Bí jàǹbá kankan bá ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 3 sẹ́yìn, ẹ kọ òun náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye tó ná yín.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ní ni ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ lo oṣù kan gbáko láti máa kọ ọ́: irú mọ́tò tí ẹ fà, ibi tí ẹ ti gbé e, ibi tí ẹ já a sí, bóyá ó sùn ní yàádì yín. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn ni ìnṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ lè gbé.

Ẹ ṣọ́ra: bí orúkọ tó wà lórí CAC bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí pátíkúlà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Mọ́tò tó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó tà á fún yín máa dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbowó.

1. Ẹ kọ ewu iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó pe àjẹ́ńtì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ká kọ́kọ́ pe àjẹ́ńtì. Á bi yín pé mọ́tò wo ni, ẹ ó ní tówìn, ó ti ta third party fún yín nìyẹn, torí òun ló yá tà. Ẹ mú bébà, kí ẹ ro iṣẹ́ ọjọ́ kan já, láti ìgbà tí fóònù dún títí dìgbà tí ẹ fi mọ́tò lé mẹkáníìkì lọ́wọ́.

Ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ lórí Third Mainland, ẹ kọlu Sienna kan. Ewu kan nìyẹn. Ẹ débẹ̀, ẹ páàkì, wínṣì ń fa mọ́tò, wáyà já, ó na ẹni tó ń kọjá lọ. Ewu mìíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ló ṣe é. Mọ́tò oníbàárà bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ yín, tàbí ó sùn ní yàádì, wọ́n sì jí bátìrì àti brain box rẹ̀. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ yín wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń so ṣéènì, mọ́tò sọ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹrin rèé. Ìwé kan ṣoṣo kì í sábà bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àyẹ̀wò: ẹ ka bébà yẹn sétí dẹ́rẹ́bà yín tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tá a wà ní Mile 2," a jẹ́ pé kò tíì pé. Ẹ fi kún un.

2. Ẹ ṣí third party tí ẹ ní, kí ẹ kà á

Òfin ló fi dandan lé third party, nítorí náà kò sí bí a ò ṣe ní rà á. Láti ọjọ́ 1 oṣù January 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, ti gbé owó rẹ̀ sókè. Mọ́tò àdáni di ₦15,000, òdiwọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san lórí ohun ìní ẹlòmíì, sì jẹ́ ₦3,000,000. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣòwò di ₦100,000, òdiwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ ₦5,000,000.

Ẹ wo bí ₦15,000 àti ₦100,000 ṣe jìnnà síra. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti máa sọ fún yín pé, "Ẹ fi sílẹ̀, màá kọ ọ́ sí private." Ẹ má gbà. Ọkọ̀ tó ń gba owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí mọ́tò àdáni, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín fún iléeṣẹ́ náà ní ìdí tí wọn ò fi ní sanwó.

Bébà kékeré tó wà nínú mọ́tò yín, sáfítíkéètì lásán ni. Ìwé àdéhùn gan-an nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì rí i rí. Ẹ béèrè fún un, ẹ̀tọ́ yín ni. Tí ẹ bá gbà á, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Limitations as to use sí, ìyẹn ohun tí wọ́n gbà kí ẹ fi ọkọ̀ náà ṣe, kí ẹ tún wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ towing. Nínú irú àdéhùn tí iléeṣẹ́ púpọ̀ ń lò, wọ́n gbà kí mọ́tò fa ọkọ̀ kan tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ fún owó. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni towed for reward. Bí ẹ bá tiẹ̀ fà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní san ohunkóhun lórí mọ́tò tí ẹ ń fà. Iṣẹ́ tí a fi ń jẹun gan-an ni wọ́n yọ kúrò yẹn.

Ẹ ní kí wọ́n fi ewé àfikún kan sí i, endorsement ni wọ́n ń pè é, tó sọ ní tààràtà pé ọkọ̀ yìí ń fa ọkọ̀ àwọn oníbàárà fún owó.

Àwọn kan á ní káwọn kúkú ra comprehensive. Ó dára, ó máa tún ọkọ̀ tiyín ṣe, NAICOM sì ti ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 iye mọ́tò lọ. Bí ọkọ̀ tówìn yín bá tó ₦30,000,000, ẹ ó san ₦1,500,000 ó kéré tán. Àmọ́ pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, mọ́tò oníbàárà tó wà lórí ìkọ́ ṣì wà níta.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kí ẹ lọ sí askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wá a. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìwé ayédèrú ló ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá wà, ẹ rí i pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ wé ìwé ọwọ́ yín.

3. Public liability, fún ìgbà tí ọkọ̀ dúró tí irinṣẹ́ ń ṣiṣẹ́

Tí ọkọ̀ tówìn bá ń rìn, mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n tó bá dúró, tí kíréènì tàbí wínṣì rẹ̀ ń gbé nǹkan, irinṣẹ́ ló dà lójú àwọn oníìnṣọ́ránsì. Tool of trade ni wọ́n ń pè é, ìwé mọ́tò sì sábà máa ń yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wáyà nà, ògiri tí ẹ wó, ṣọ́ọ̀bù tí mọ́tò yọ̀ wọ̀: public liability ló ń bo ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tírélà àti kọntéénà tó ṣubú ní Apapa–Oshodi tàbí Ìjọra, ẹ má fi ìpele yìí ṣeré rárá. Ní January 2023, kọntéénà kan wó lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹni 9 ló kú. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè wá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lójú títì, láàárín èrò tó dúró ń wòran.

Àyẹ̀wò: ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iṣẹ́ yín síbẹ̀ bó ṣe rí. Bó bá jẹ́ transport services lásán ni wọ́n kọ, ẹ dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ fífa ọkọ̀, gbígbé ọkọ̀ àti lílo wínṣì lójú títì.

4. Mọ́tò oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín

Ibí ni Alhaja ti gbá mi mú. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Public liability náà kì í bo mọ́tò yìí. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn: care, custody or control. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun ìní ẹlòmíì tó bá wà ní ìkáwọ́ yín, àwọn ò sí níbẹ̀. Mọ́tò tí ẹ gbé sì wà ní ìkáwọ́ yín pátápátá.

Nítorí náà ẹ nílò ìwé kẹta. Goods in transit, ìnṣọ́ránsì ẹrù tó wà lójú ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa kọ́kọ́ mú wá. Àwọn míì á gbé motor trade jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe àti àwọn tó ń tà á, tàbí kí wọ́n fi àfikún sára public liability. Mi ò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Goods in transit ni mo mọ̀ jù, sìmẹ́ǹtì àti páálí ọtí ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí ẹ kò bá béèrè, bí ti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ṣe máa tà á fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó bo mọ́tò tí táyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Èyí tí ẹ gbé sórí flatbed, ẹrù ni, kò sí àríyànjiyàn. Èyí tí ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè tí ẹ̀yìn ń yí ńkọ́? Ó rọrùn fún wọn láti sọ pé ẹ kò gbé e, ẹ kàn ń fà á ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjèèjì síbẹ̀, gbígbé àti fífà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹrù bá ti jókòó sórí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wínṣì ń fà á gòkè àti ìgbà tí ẹ ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mọ́tò máa ń bọ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ìkọ́ bá ti kan mọ́tò, kó sì parí nígbà tí ẹni tó ń gbà á bá buwọ́ lùwé.

Alẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ gosiló Èkó. Ẹ gbé mọ́tò ní Lẹ́kkí ní agogo mẹ́rin, ẹ dé Ìlàsàmàjà ní agogo mẹ́sàn-án, mẹkáníìkì ti lọ sílé. Mọ́tò á sùn ní yàádì yín. Bí ìwé yín kò bá dárúkọ yàádì náà pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, iná àti olè wà lọ́rùn yín. Wọ́n lè ní kí ẹ ní ọdẹ àti géètì tó ń tì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ṣe é lóòótọ́.

Ẹ tún béèrè ibi tó dé. Bí ẹ bá máa ń fa ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn, Lagos State nìkan kò tó.

Ẹ ṣọ́ra: wọ́n sábà máa ń yọ bàjẹ́ tó wá láti inú iṣẹ́ tí a kò ṣe bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fa mọ́tò automatic tàbí oní-táyà-mẹ́rin-ń-fà pẹ̀lú táyà tó ń fà ní ilẹ̀, tí gíà rẹ̀ sì jó, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni bá yín san án. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín pé orí flatbed ni irú rẹ̀ ń lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí owó tó wà nínú mọ́tò náà kò sí nínú ìwé. Kí olówó rẹ̀ kó o lójú yín.

Fóònù kọ́ ni ẹ máa fi béèrè gbogbo èyí. Ẹ fi ímeèlì béèrè, kí wọ́n sì fi ìdáhùn náà sínú ewé àfikún. "Ẹ má ṣèyọnu, ó wà níbẹ̀" tí àjẹ́ńtì sọ lẹ́nu kò ṣeé gbé lọ síwájú ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò: ẹ sọ ìtàn kan fún búrókà yín, ìyẹn alágbàtà tó ń bá yín wá ìnṣọ́ránsì. Ẹ ní, "Camry kan là ń fi wínṣì fà gun flatbed ní Oyíngbò, wáyà já, mọ́tò náà sáré padà, ó gbá obìnrin kan, ó sì wó ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìwé wo ló máa san ti Camry? Èwo ló máa san ti obìnrin náà? Ògiri ńkọ́?" Kí ó fi ìka lé ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù tí kò rí ojú ewé rẹ̀, ẹ má tíì sanwó.

5. Òdiwọ̀n owó, àti èyí tó wà lọ́rùn yín

Ẹ padà sí ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kan yẹn. Bí mọ́tò tó wọ́n jù níbẹ̀ bá tó ₦40,000,000, tí ìwé yín sì ní ₦10,000,000 fún mọ́tò kan, ₦30,000,000 ló ṣẹ́ kù tí ẹ máa wá fúnra yín. Nínú kí ẹ fi owó kún un tàbí kí ẹ máa kọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọ̀kan. Èmi máa ń kọ̀ ọ́, mo sì máa ń fún oníbàárà ní nọ́ńbà ẹni tó lè gbé e.

Ẹ béèrè bóyá òdiwọ̀n náà jẹ́ fún jàǹbá kan tàbí fún gbogbo ọdún. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ọdún, jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní March lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ sì wà níhòòhò títí di December.

Excess ni iye tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san nínú jàǹbá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ₦250,000, àwọn ìhá kékeré àti bọ́ńpà tó fọ́ di tiyín nìyẹn. Owó ìnṣọ́ránsì tó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní excess ńlá lẹ́yìn, ẹ wo méjèèjì pọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ iye mẹ́ta sí ẹ̀yìn ìwé náà: òdiwọ̀n fún mọ́tò kan, òdiwọ̀n fún ọdún, excess. Bí ẹ kò bá lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé, ẹ pe wọ́n.

6. Àwọn ọmọ iṣẹ́

Èyí kò gùn. Public liability kì í bo ọmọ iṣẹ́ tiyín. Òfin Employee's Compensation ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí owó oṣù gbogbo wọn bá jẹ́ ₦600,000, ₦6,000 ni. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, àti àwọn bọ́ìsì tí ẹ ń pè ní "ọmọ ìkọ́ṣẹ́". Àwọn ló ń wọ abẹ́ mọ́tò.

Àyẹ̀wò: iye orúkọ tó wà lọ́dọ̀ NSITF àti iye èèyàn tó ń jáde lórí ọkọ̀ yín láàárọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba.

7. Ẹ kún fọ́ọ̀mù, ẹ sanwó, ẹ gba ìwé

Ẹ wò ó lórí naicom.gov.ng bóyá iléeṣẹ́ náà ní àṣẹ. Tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, ẹ sọ òótọ́ nípa jàǹbá tó ti kọjá. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ni wọ́n máa hú jáde lẹ́yìnwá ọ̀la. Líséǹsì àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe pàtàkì púpọ̀: líséǹsì B wà fún mọ́tò tí kò tó tọ́ọ̀nù 3. Bí ẹni tó ní B nìkan bá ń wa flatbed ńlá, ẹ kò ní ìnṣọ́ránsì tí ẹ lè fọkàn tẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì sanwó, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ìnṣọ́ránsì 2003, tí òfin tuntun rọ́pò ní 2025, ló sọ bẹ́ẹ̀, láti January 2013 ni NAICOM sì ti fọwọ́ líle mú un. Kò sí "ẹ bá mi fi ọkọ̀ sí i, màá san lópin oṣù." Inú àkáǹtì iléeṣẹ́ tàbí ti búrókà tó ní àṣẹ ni kí owó lọ, kì í ṣe àkáǹtì ara ẹni àjẹ́ńtì.

Àyẹ̀wò: risíìtì, ìwé àdéhùn àti gbogbo ewé àfikún gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Third party, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe ń wò ó lórí fóònù. Fún àwọn yòókù, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ tààrà sí oríléeṣẹ́ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé náà, kí wọ́n dáhùn pé àwọn mọ̀ ọ́n.

8. Ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ọjọ́ tí jàǹbá bá dé

A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Kí ìkọ́ tó kan mọ́tò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yíká, ẹ ya inú rẹ̀ àti ibi tó ti ní ìhá tẹ́lẹ̀. Kí oníbàárà buwọ́ lu ìwé kékeré tó ní orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò, ibi tí ẹ ti gbé e àti ibi tó ń lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ẹ bá wà lórí afárá tí LASTMA ń pariwo pé kẹ́ ẹ kúrò, ẹ ya fọ́tò, ẹ sún un síwájú, kó wá buwọ́ lù ú níbi tó bá ti láyè.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo èèyàn. Lẹ́yìn náà ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbé nǹkan kan kúrò, ẹ gba nọ́ńbà àwọn tó rí i, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ sì pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tún fi ímeèlì tẹ̀ lé e. Ẹ bẹ ẹni tó kàn, ẹ bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ẹ̀bi mi ni, màá san án," ẹ má sì buwọ́ lu ìwé pé ẹ ó sanwó. Àdéhùn púpọ̀ sọ pé bí ẹ bá gba ẹ̀bi láìjẹ́ pé àwọn mọ̀, ẹ ti yọ àwọn sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún Alhaja lórí afárá lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí sọ ọ́ ká ní mo mọ̀. Ẹ má sì tún mọ́tò náà ṣe kí ẹni tí wọ́n rán wá wò ó tó dé.

Tó bá yá wọ́n á fún yín ní discharge voucher. Bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, ẹ ti gbà pé iye tó wà níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ìdíyelé mẹkáníìkì àti rẹwáyà, ẹ fi wé e, ẹ yọ excess kúrò. Bí kò bá dọ́gba, ẹ kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó mú bírò. Bí wọ́n bá dákẹ́ tàbí tí wọ́n kọ̀ láì sọ ojú ewé tí wọ́n gbé e lé, NAICOM ń gba ẹ̀sùn.

Àyẹ̀wò: ẹ lẹ nọ́ńbà ẹ̀ka tó ń gba ìròyìn jàǹbá mọ́ iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ẹ gbọ́ bóyá ẹnì kan máa gbé e.